Ẹ má fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tan whippet jẹ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tá à ń ṣiṣẹ́ tá a sì ń tọ́mọ

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ de ọmọ ajá whippet wa, ìran ajá ẹlẹ́sẹ̀ tín-ínrín tó mọ eré sá. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, a ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa: orí ẹsẹ̀ mi ló ń sùn, ó ń tẹ̀ lé mi dé balùwẹ̀, bí mo bá sì ń dáná, gìgísẹ̀ mi ló máa fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wọ bàtà, mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí aládùúgbò wa fi pè mí pé òun ń gbọ́ igbe nínú ilé wa, pé ṣé kì í ṣe ọmọ la tì mọ́lé. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti họ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí ọ̀dà fi bó, èékánná ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ajá náà ò ya ìpátá. Èmi ni mo fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kọ́ ọ pé èèyàn kì í jáde nílé. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo máa kà sílẹ̀ yìí, òun ló wọ́n wá jù, òun náà ni mo sì máa pẹ́ lé lórí.

Ọjọ́ tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ ti máa jáde

Àwọn kan á sọ pé òṣìṣẹ́ ò lè tọ́ whippet. Wọn ò mọ ìtàn rẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakùsà pàápàá, ló sọ ìran ajá yìí di ohun tó jẹ́ láàárín ọdún 1800 sí 1900. Wọ́n ń fi sáré ìje, wọ́n ń fi dọdẹ ehoro, wọ́n sì ń bá a gbé nínú ilé kékeré pẹ̀lú aya àtọmọ. Iṣẹ́ kọ́ ló ń da whippet láàmú. Àárín èèyàn ló ti ń gbé láti ìran dé ìran, bí ẹ ò bá sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá wà, kò ní mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bá délé, ẹ jáde lọ da ìdọ̀tí nù, kẹ́ ẹ sì padà wọlé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wọ bàtà kẹ́ ẹ má lọ síbì kankan. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání, kẹ́ ẹ tún padà jókòó. Ohun tá à ń wá ni pé kí ìró kọ́kọ́rọ́ má túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́ létí rẹ̀. Ẹ gbé fóònù kan síbì kan kó máa ya fídíò nígbà tẹ́ ẹ bá jáde: bó bá ti ń ké kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ti pẹ́ jù, ẹ dín in kù lọ́la. Ẹ má sì dágbére bí ẹni tó ń rè ìdálẹ̀. Gbogbo "ó dàbọ̀ olólùfẹ́ mi, mi ò ní pẹ́ o" yẹn, ẹ̀rù ló ń dá bà á.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà wà ńbẹ̀. Ọmọ ajá olóṣù méjì ò lè mú ìtọ̀ dúró ju nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ lójú ọ̀sán. Bẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó wá tọ̀ sílẹ̀, ta ló jẹ̀bi? Nínàá lórí ìtọ̀ tó ti gbẹ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju kó máa sá fún ọwọ́ yín lọ. Ẹ wá ẹni tó máa wọlé lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó lọ mú ajá wálé, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá mú un dé. Àgò tí wọ́n ń fi ajá sí sì dáa fún oorun àti ìsinmi, bí wọ́n bá rọra fi mọ̀ ọ́n, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má sọ ọ́ di túbú oníwákàtí mẹ́jọ.

Iṣẹ́ gbogbo ilé, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ́

Nílé wa, a jọ fẹnu kò pé ẹni tó bá ráyè ni kó bójú tó ajá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àwọn ọmọ bọ́ ọ kó tó jáde. Àkọ́bí wa jí, ó bọ́ ọ. Mo sọ̀kalẹ̀ wá, ó wojú mi bí ẹni tí ò jẹun láti ìjẹta, mo tún bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó mú un jáde lọ tọ̀. Ẹ lè ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì.

Ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì ló yanjú ẹ̀: ẹni tó bá bọ́ ọ á fi bíìrò sàmì, ẹni tó bá mú un jáde á fi bíìrò sàmì. Ohun tó ku ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Bó bá gun àga tìmùtìmù, èmi á ní "sọ̀kalẹ̀", bàbá wọn á ní "kúrò ńbẹ̀", àwọn ọmọ á ní "má ṣe bẹ́ẹ̀ o", àbígbẹ̀yìn á wá gbá a mọ́ra lórí àga kan náà. Ajá ò gbọ́ èdè, ohùn ló ń dá mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan, kí gbogbo ilé fi sẹ́nu.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan pẹ̀lú ọmọ ajá. Ẹsẹ̀ whippet tín-ínrín bí igi ìgbálẹ̀, bó bá sì já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e dúró, egungun lè dá. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má jí i lójú oorun. Ọmọ ajá lè sùn tó wákàtí méjìdínlógún sí ogún lóòjọ́. Èyí tí ò bá sùn tó, ṣe ló máa ń bu èèyàn jẹ kiri bí ọmọ ọwọ́ tí oorun ń kùn tó ń fapá ju nǹkan.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ máa lé e sáré

Wọ́n á gbọ́ pé whippet tó dàgbà lè sá eré tó tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan, wọ́n á wá so ọmọ oṣù mẹ́rin mọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ dákun. Egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà títí yóò fi pé ọdún kan ó lé. Kó sáré fúnra rẹ̀ nínú ọgbà, kó sinmi nígbà tó bá wù ú, ó tó. Èyí tó dàgbà pàápàá, ọ̀lẹ afínjú ni nínú ilé, á sáré díẹ̀, á sùn títí. Ẹni tó ti iṣẹ́ dé tó sì rẹ̀, irú ajá tó bá a mu nìyẹn. Ohun tí kò dáa ni kẹ́ ẹ fi ọjọ́ márùn-ún pa á tì, kẹ́ ẹ wá fi Sátidé rìn ín títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti whippet yàtọ̀ díẹ̀: ó ń gbọ́ fèrè, ojú rẹ̀ ló ti bá ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Ojú ló fi ń dọdẹ, ohun tó bá sì sá níwájú rẹ̀ ló máa lé, ì báà jẹ́ ológbò tàbí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbé, ì báà gba ojú títì kọjá. Bí ibì kan kò bá ní odi, ẹ má tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Okùn tó máa ń fa gùn fúnra rẹ̀ náà ò dáa fún un, torí ó ti mú eré kó tó dé òpin okùn, ọrùn rẹ̀ ló sì máa jẹ ìyà. Orí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́líìtì ọrùn lásán á yọ́ kọjá etí rẹ̀. Èyí tó fẹ̀, tó máa ń fún díẹ̀ bí wọ́n bá fà á, ni kẹ́ ẹ rà.

Àwọn èèyàn á bi yín bóyá ẹ ò fún un lóúnjẹ. Ẹ má tìtorí ẹnu wọn bọ́ ọ sanra: bí ajá yìí bá dàgbà tán, kí egungun ìhà bíi méjì sí mẹ́ta máa hàn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ kéré, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀wù òtútù kì í ṣe fáàrí fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ rán dókítà ẹranko létí irú ìran tó jẹ́, torí àwọn oògùn apanilóorun kan máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára wọn. Ẹ sì gbé báàgì ilé ìwé àwọn ọmọ sókè: ṣokoléètì, èso àjàrà gbígbẹ àti ṣingọ́ọ̀mù aláìnísúgà tó ní xylitol (ohun tí wọ́n fi ń mú un dùn dípò ṣúgà), májèlé ni gbogbo wọn fún ajá.

Ó gbà wá tó oṣù mẹ́rin ká tó tún ohun tí mo bà jẹ́ lọ́sẹ̀ méjì yẹn ṣe, láti ìṣẹ́jú kan sí wákàtí mẹ́ta. A ò tíì kun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Aládùúgbò tó pè mí lọ́jọ́ Ajé yẹn ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa báyìí. Òun ló ń wọlé lọ́sàn-án mú un jáde lọ tọ̀, ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá lè máa hanrun.