Bí A Ṣe Lè Fi Ọgbọ́n Àtinúdá àti Àrà Ojú Ẹsẹ̀ Ṣòwò ní Àbújá

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ránṣọ, tó ń se oúnjẹ tà, tàbí tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ibi ìnáwó ní Àbújá mọ̀ pé ìlú yìí kì í jẹ́ kí ètò lọ bí a ṣe tò ó. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè pẹ́, ọ̀nà Nyanya lè dí láti àárọ̀, iná sì lè lọ nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ka irú nǹkan báwọ̀nyí sí ìdíwọ́ nìkan. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọjà wà fún ẹni tó bá mọ àrà dá, àrà dídá sì ṣeé kọ́.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí kò ní yí padà. Nínú ìlù dùndún, bí ìyá ìlù bá ti ń ki ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo, tó ń yí ohùn padà bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń yí, gúdúgúdú kì í kúrò lórí ohun tó ń lù, ìdúróṣinṣin rẹ̀ ló sì fún ìyá ìlù láàyè. Nítorí náà, ẹ kọ àwọn ohun tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí, ìwọ̀n tí ẹ gbà lára oníbàárà, owó tó kéré jù tí ẹ lè gbà láìpàdánù, àti ìmọ́tótó bó bá jẹ́ oúnjẹ lẹ̀ ń tà. Ẹni tí kò mọ iye tí ọjà ná an, tó wá ń dárà, gbèsè ló ń lọ bá.

Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà, fi èyí hàn dáadáa. Kí ó tó darapọ̀ mọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò ní Suleja ní 1954, ó ti mọ ìkòkò mọ bí àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ ṣe ń mọ ọ́n. Níbẹ̀ ló ti bá ààrò tó gbóná gidigidi àti èròjà tó ń mú ojú ìkòkò dán pàdé. Kò tìtorí èyí ju ti àtijọ́ nù: ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ ọ́n, ó sì ṣì ń fín alángbá àti àkekèé sí i lára. Ìkòkò omi di ohun tí wọ́n ń pàtẹ ní London.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fi ìgbà díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ṣe ohun tí kì í ṣe fún títà. Télọ̀ lè fi àgékù aṣọ nìkan rán nǹkan. Olóúnjẹ lè ro òkèlè àchà, ìyẹn ọkà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Àríwá, tàbí kó fi ewé zogale (mọ̀ríńgà) dípò ẹ̀fọ́ tó ti wọ́n lọ́jà. Ẹ fi ààlà sí i, nítorí ààlà ló ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀ràn bá dé lójijì, ẹ má ṣe sáré dáhùn. Ẹ béèrè ohun tí oníbàárà fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ tó fẹ́ ẹ, àti iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aṣọ tó gbé wá kò bá tó agbádá, ẹ má ṣe wá bí ẹ ṣe máa fi ojúràn pamọ́. Ẹ fi òfì tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní ìhà méjèèjì lọ́gbọọgba, kí ó hàn pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀nà méjì péré ni kí ẹ fi hàn án, kí ẹ sì sọ owó tuntun kí sáàsì tó kan aṣọ. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ owó yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àrà tí a kò kọ sílẹ̀ lè má tún padà wá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ wákàtí àti owó tó gbà. Bí ẹlòmíràn bá tún béèrè fún un, ẹ fi orúkọ àti iye lé e lórí, kí ó di ọjà gidi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà máa mú àbá wá láràárọ̀ kí oníbàárà tó dé. Èyí tí kò bá dára, ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn nígbà tí kò sí àlejò níbẹ̀.