Bí A Ṣe Ń Fi Rọ́bà Ta Agolo ní Ìsánlú Lọ́nà ti Cowboy

Ẹ ọ̀kún o. Fọkanáísà ni mí, ẹ̀bá títì ní Ìsánlú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Rọ́bà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ látàárọ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rọ́bà náà ni mo fi ń ṣeré. Ọdún kẹta rèé tí èmi àtàwọn ará àdúgbò ti ń ta agolo bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ta irin nínú eré ìbọn tí wọ́n ń pè ní cowboy action shooting. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró bi wá pé báwo làwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí wọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí tiwọn ṣe rí, torí ibẹ̀ la ti mú òfin tiwa. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Texas ló fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọdún 1987 ni wọ́n dá Single Action Shooting Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré náà, sílẹ̀ ní California. Ẹni tó bá ń bá wọn ṣe é á múra bíi darandaran ayé àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Á ní ìbọn ìléwọ́ méjì tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń fa òòlù rẹ̀ kó tó lè yìn, á ní ìbọn gígùn kan, á sì ní ìbọn ọdẹ kan, ẹlẹ́nu méjì lọ́pọ̀ ìgbà, bíi tàwọn ọdẹ wa. Irin ni wọ́n ń yìn ín sí, aago sì ń kà á. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tàsé, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 5 kún àkókò rẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ihò mẹ́fà ló wà nínú ìbọn ìléwọ́ náà, ọta márùn-ún péré ni wọ́n ń kì sí i. Ihò tí òòlù sinmi lé gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ìbọn má baà yìn bó bá já bọ́. Mo ní àwọn èèyàn yìí mọ̀ pé ohun tó lè pani ló wà lọ́wọ́ àwọn.

A ò lè fi ìbọn ṣe é níbí. Òfin ìbọn orílẹ̀-èdè wa, ti 1959, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un láṣẹ. Yàtọ̀ síyẹn, bí ìlú ṣe rí lónìí, bí ìbọn bá dún nírọ̀lẹ́ ní ilẹ̀ Yàgbà, kò sẹ́ni tó máa rò pé eré ni. Àwọn ìyá wa á ki ọmọ mọ́lẹ̀ wọlé ni. Rọ́bà tí gbogbo wa fi ta aláǹgbá nígbà èwe kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí mo fi mú un.

Rọ́bà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Tíúbù ọkọ̀ òde òní dáa fún gbígba afẹ́fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ẹ fà á, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ńṣe ló ń rọra padà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Rọ́bà tó dáa á dún pàó! Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rọ́bà rírọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń di apá kó tó gba ẹ̀jẹ̀, àwọn oníkẹ́míìsì ń tà á. Ẹ gé méjì tó dọ́gba, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn láti ìgbọ̀nwọ́ yín dé ọrùn ọwọ́. Igi gúrófà oníga méjì ló dáa jù fún ìdìmú, torí kì í tètè la. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó bó o. Ahọ́n bàtà awọ tó ti gbó ni kẹ́ ẹ fi ṣe ibi tí ọta ń jókòó sí.

Ẹ so ó dáadáa o. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kánjú so tèmi, mi ò fà á wò kí n tó gbé e sójú. Ìdí rẹ̀ tú lórí igi, rọ́bà sì nà mí lábẹ́ ojú ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́ta ni ojú yẹn fi wú tí mi ò lè là á. Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta láìwọ gíláàsì àwọn wẹ́dà, èyí tó funfun, tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Àwọn tó ń wòran náà ń wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ ọ́n ta tipẹ́.

Ọta wá ńkọ́? Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi ọta tí wọ́n fi bàbà bò ṣe eré yìí, òjé lásán ni, torí òjé rọ̀, á fọ́ pẹẹrẹ lára irin dípò kó ta padà sẹ́ni tó yìn ín. Òkúta odò máa ń ta padà. Mo ti rí i tó ta lára garawa, tó sì gba orí àwọn tó ń wòran kọjá. Amọ̀ ni tiwa. Ẹ bu erùpẹ̀ ọ̀gán, ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó tó orí àtàǹpàkò. Ẹ má sá a sóòrùn, á sán. Abẹ́ ibòji ni, fún ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá gbẹ, ẹ gbá méjì pọ̀ létí yín: bó bá dún kokoko, ó ti tó, bó bá dún gbì, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Tírú ọta yìí bá ba agolo, ńṣe ló máa ń túká, tí eruku pupa á sì rú lé agolo náà lórí. Ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán pàápàá á mọ̀ pé ó bà á.

Ní ti títa, ẹ fẹ̀gbẹ́ kọjú sí agolo, ẹ fa awọ wá sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ sì jù ú sílẹ̀ láìdúró pẹ́, torí ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sún sẹ́yìn àfi tẹ́ ẹ bá ta mẹ́wàá, tí mẹ́jọ bà á.

Bá a ṣe ń tò ó nìyí. Agolo mílíìkì márùn-ún á rọ̀ sórí okùn ní ìṣísẹ̀ méje, kúbùsù gbígbó á wà lẹ́yìn wọn. Márùn-ún mìíràn á wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Gálọ̀nù òfìfo méjì á wà lórí bẹ́ǹṣì, ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣubú kó tó di kíkà. Ọta méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń rìn láti ibì kan sí ìkejì, kò gbọdọ̀ sí ọta nínú awọ. Ẹnì kan á máa fi fóònù ka àkókò, ẹlòmíràn á máa ka àṣìta. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá okùn tá a ta síwájú àwọn tó ń wòran títí ẹni tó ń ka àkókò á fi ké pé, “Ó parí!”

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi sáré ta tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 31, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó tàsé mẹ́rin, ó di 51. Ìyá alákàrà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lo 42, ó tàsé ẹ̀ẹ̀kan péré, ó jẹ́ 47. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ má sáré, ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ojú débẹ̀ kí ọwọ́ tó tú u sílẹ̀. Ìyára á wá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń mú ìnagijẹ nínú eré yìí, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tẹ́nì kan bá ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Oríkì ni tiwa. Kí aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta á ké oríkì ara rẹ̀ sókè. Àwọn àgbà kan ń wọ gbẹ̀rí ọdẹ wá, ó sì máa ń wù mí tí mo bá rí i.

A kì í ta ẹyẹ, a kì í ta ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́. Tá a bá ṣe tán, a máa ń ka gíláàsì, a sì máa ń kó rọ́bà gbogbo sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọwọ́ àwọn ọmọdé má baà tó o. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé. Kó mú gíláàsì rẹ̀ dání, kó kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn okùn wo èèyàn méjì ta. Lẹ́yìn náà ni ìyá alákàrà á bi í pé kí ni oríkì rẹ̀.