Bí A Ṣe Ń Kó Àmì-Ẹ̀yẹ Àwọn Olùkọ́ Ìṣàkóso Jọ Láìsí Àbùmọ́

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ ni wọ́n máa ń ní kí ẹnìkan kó àmì-ẹ̀yẹ àti àṣeyọrí àwọn olùkọ́ jọ, yálà fún ìjábọ̀ ọdọọdún, fún àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ilé-ẹ̀kọ́ òwò wò, tàbí fún ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó sábà máa ń jáde ni àkójọ jàn-ànràn jan-anran tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kò ní gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Akọ̀wé ẹ̀ka, olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ la kọ ìlànà yìí fún.

Ẹ ṣí Excel, kí ẹ ṣe òpó mẹ́jọ sínú rẹ̀: orúkọ olùkọ́, ipò tó wà nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà, orúkọ àmì-ẹ̀yẹ gẹ́lẹ́ bí àwọn tó fún un ṣe ń pè é, ẹgbẹ́ tó fún un, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún un, ọdún, àwọn tí wọ́n jọ gbà á, àti líǹkì tàbí ìwé-ẹ̀rí. Ìlà tí òpó rẹ̀ kan bá ṣófo kò tíì yẹ ní ohun tí à ń gbé jáde.

Ẹ wo Oliver Williamson ti Haas School of Business, ní Yunifásítì California ní Berkeley. Bí ẹnìkan bá kọ "Nobel, 2009" síwájú orúkọ rẹ̀, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ìlà tó pé yóò sọ pé ẹ̀bùn Sveriges Riksbank fún ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní ìrántí Alfred Nobel ni, pé Royal Swedish Academy of Sciences ló fún un, pé òun àti Elinor Ostrom ni wọ́n jọ gbà á, pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ibi tí ààlà ilé-iṣẹ́ mọ ni wọ́n torí rẹ̀ fún un, àti pé ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ẹni tó bá kà á kò ní ìbéèrè mọ́. Bó ṣe yẹ ká kọ ti olùkọ́ tí ẹ̀ka yín dá lọ́lá nítorí ìkọ́ni lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn.

Ọdún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Àwọn àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí wọn kì í fún ìwé ìwádìí lọ́dún tó jáde. Èyí tí jọ́nà Academy of Management Review ń pè ní Decade Award, ìwé tó ti jáde láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n ń fún. Ti jọ́nà Administrative Science Quarterly, tí wọ́n ń fi yẹ́ iṣẹ́ tó fi kún ìmọ̀ sí, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ìwé jáde ni. Nítorí náà, ọdún méjì ni kí ẹ kọ: ọdún tí ìwé jáde àti ọdún tí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Bí ẹ bá kọ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tó bá lọ wá ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní rí i níbi tó ń wò, yóò sì rò pé irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da àwọn ẹ̀ka ìṣàkóso láàmú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Academy of Management, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, máa ń ṣe àpérò ńlá rẹ̀ lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbà wọlé fún àpérò náà, wọ́n máa ń ṣa nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó dára jù, wọn a sì tẹ ìkékúrú wọn sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Best Paper Proceedings. Ohun iyì ni, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ náà fún ìwé ẹyọ kan ní àmì-ẹ̀yẹ ìwé tó dára jù lọ. Bí CV olùkọ́ bá kàn sọ pé "Best Paper, AOM", ẹ bi í pé: wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú Proceedings ni, àbí ẹ jẹ ẹ̀bùn? Ẹ̀ka wo ló sì fún yín? Ẹ béèrè tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà.

Bákan náà ni ẹni tí wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀, ẹni tó wọ ìpele àṣekágbá àti ẹni tó gba ẹ̀bùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ àkọlé "Àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ".

Oyè Fellow náà gba àròjinlẹ̀. Ní Academy of Management, àwọn tó ti jẹ́ Fellow tẹ́lẹ̀ ló ń dìbò yan ẹni tuntun nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe fún ìmọ̀ ìṣàkóso. Nínú àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́-ìmọ̀ mìíràn kan, iye ọdún téèyàn ti lò nínú ẹgbẹ́ àti owó tó san ló ń sọ ọ́ di Fellow. Àwọn méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti àkọ́kọ́ sábẹ́ àmì-ẹ̀yẹ, ti èkejì sábẹ́ ẹgbẹ́ tí olùkọ́ wà nínú rẹ̀.

Èyí ló mú wa dé orí àmì-ẹ̀yẹ tí à ń fowó rà, ó sì pọ̀ ní Nàìjíríà. Ímeèlì kan á wọlé pé ìgbìmọ̀ ti yan olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí ògbóǹtarìgì ọdún, kó wá san owó tábìlì ní gbọ̀ngàn àsè tàbí owó páálí àti ife ẹ̀yẹ. Kí ẹ tó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá orúkọ àwọn onídàájọ́, àwọn tó gbà á ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi yàn wọ́n. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ yọ ọ́ kúrò. Owó ìforúkọsílẹ̀ fún àpérò yàtọ̀ o, nítorí gbogbo ẹni tó bá lọ ló ń san án. Ohun tó lòdì ni kí wọ́n ní kí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn san owó torí pé ó jẹ ẹ́. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo lè mú kí àwọn olùyẹ̀wò máa fura sí àwọn tó kù tí wọ́n jẹ́ ojúlówó.

Ní ti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ olùkọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ wò ó. Google Scholar máa ń ka ìwé àpérò, ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ àti ìwé tí wọn kò tíì tẹ̀. Scopus, àkójọ ìwé ìwádìí mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ka ju ohun tó wà nínú àkójọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti Google Scholar fi sábà máa ń ga ju tèkejì lọ. h-index 12 túmọ̀ sí pé olùkọ́ ní ìwé méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ní ìtọ́kasí méjìlá ó kéré tán. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwé rẹ̀ kan tó ní ẹgbẹ̀rún kan.

Orúkọ wa máa ń dá kún wàhálà yìí. Àwọn olùkọ́ tó ń jẹ́ A. Adéyẹmí pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì a sì máa da iṣẹ́ wọn pọ̀. Obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó a máa rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ojú-ewé méjì. Ẹ ní kí gbogbo olùkọ́ gba nọ́ńbà ORCID, tí wọ́n fi ń dá olùwádìí kọ̀ọ̀kan mọ̀, ọ̀fẹ́ ni, oní-dígíìtì mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n sì so gbogbo ìwé wọn mọ́ ọn kí ẹ tó ka ohunkóhun.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé jọ́nà tí olùkọ́ kọ̀wé sí ga, ẹ dárúkọ àkójọ tó sọ bẹ́ẹ̀: FT50 ti ìwé ìròyìn Financial Times ni, UTD ti Yunifásítì Texas ní Dallas tó ní jọ́nà mẹ́rìnlélógún ni, àbí AJG (Academic Journal Guide) tó ń fi 1 dé 4* ṣe òṣùwọ̀n? Ẹ fi ọdún àkójọ náà sí i, nítorí jọ́nà a máa wọlé, a sì máa jáde.

Thinkers50, àkójọ àwọn onírònú nípa ìṣàkóso, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 tó sì ń jáde lọ́dún méjì-méjì, ní àyè tirẹ̀. Michael Porter ti Harvard ló ṣe ipò kìíní ní 2005 àti 2015. Bí èrò ẹni ṣe ràn láàárín àwọn oníṣòwò ló ń wọ̀n, nítorí náà ẹ fi sábẹ́ ipa láwùjọ, kì í ṣe sábẹ́ ìwádìí.

Bí ó bá jẹ́ pé AACSB, ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òwò, lẹ ń kó o jọ fún, gẹ́gẹ́ bí Lagos Business School ṣe gba ìfọwọ́sí wọn, ẹ rántí pé ife ẹ̀yẹ nìkan kò lè sọ olùkọ́ di Scholarly Academic, ìyẹn olùkọ́ tí wọ́n kà sí olùwádìí. Iṣẹ́ ìwádìí tó ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń gbé e dé ibẹ̀, ìlànà wọn ti ọdún 2020 sì fẹ́ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùkọ́. Àmì-ẹ̀yẹ a máa gbe ẹ̀rí iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ ni.

Ẹ má to orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dàgbà jù. Ẹ pín àmì-ẹ̀yẹ sí ti àgbáyé, ti orílẹ̀-èdè àti ti ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ wá to orúkọ ní a-b-d lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìlànà yẹn sókè pátápátá kí àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n má baà rò pé ẹ rí òun fín. Ẹ fi ìlà oníkálukú ránṣẹ́ sí i, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un ṣe. Kí ẹ sì tọ́jú PDF ojú-ewé tí wọ́n ti kéde àmì-ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọdún, orúkọ olùkọ́ àti orúkọ àmì-ẹ̀yẹ lára fáìlì, nítorí líǹkì tó ń ṣiṣẹ́ lónìí lè kú kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé.