Ta Ló Ń Jẹ Adìẹ Àǹtí Mi ní Bwari?

Adìẹ mẹ́fà ti lọ kí àǹtí mi tó pè mí. Ajá Mallam tí ilé wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara ni wọ́n fura sí. Mallam ní irọ́ ni, kúrá ló ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ìkookò lédè Hausa. Ọ̀rọ̀ di pé wọn ò kí ara wọn mọ́. Ó kúkú jẹ́ pé àyẹ̀wò irun àti ìgbẹ́ ẹranko ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ ní Àbújá, ni mo bá kó ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú sápò, ó di Bwari.

Lẹ́yìn ọgbà, nídìí igi gúáfà, mo bá ìgbẹ́ tó gbá jọ, tuntun lórí àtijọ́. Ajá kì í ní ṣáláńgá; ibi tó bá ti ká a mọ́ ló ń ṣe tirẹ̀ sí. Ti ìkookò ẹ̀wẹ̀, tó bá gbẹ, a máa funfun bí ẹfun, nítorí egungun tó ń rún jẹ. Dúdú lèyí. Mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ya fọ́tò, mo bù díẹ̀ sínú àpò ìwé. Ẹ má kó o sí ọ̀rá o, á ti bu kí ẹ tó délé.

Mo rẹ ìyókù sínú omi ọṣẹ mọ́jú, mo fi asẹ́ fọ̀ ọ́. Kóró gúáfà jáde, ìyẹ́ adìẹ wẹ́wẹ́ jáde, àti àwọn òrùka líle kan tó ń dán. Mo tẹjú mọ́ wọn títí. Èèpo ara ọ̀kùn ni! Ọ̀kùn tí oró ara rẹ̀ ń lé ọ̀pọ̀ ẹranko sá, ẹtà, ẹranko igbó kan tó jọ ológbò, ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Irun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó rọ̀, ó kúrú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń fi í wé irun ẹtà níbi iṣẹ́, kò bá a mu. Àṣé irun eku ni. Irun inú ìgbẹ́, ti ẹni tí wọ́n jẹ ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó jẹun.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo padà lọ wo wáyà ọgbà. Irun dúdú mẹ́ta, tó le gán-ín, há síbẹ̀. Mo kun kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo tẹ irun kan lé e. Nígbà tó gbẹ, mo ṣí i kúrò. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ipa ìpẹ́ irun náà hàn lára kútẹ́ẹ̀sì bí ìpẹ́ ẹja. Mùdùnmúdùn àárín rẹ̀ fẹ̀. Ti èèyàn kì í tó ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ irun, nítorí náà kì í ṣe olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Irun tí mo já lára ajá Mallam (díẹ̀ ló kù kó gé mi níka) kò jọ ọ́. Ti awọ ẹtà tó wà níbi iṣẹ́ nìkan ló bá a mu, ìpẹ́ àti mùdùnmúdùn.

Àǹtí mi lọ bẹ Mallam, wọ́n sì jọ dí ihò wáyà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bi mí asẹ́ tí mo lò. Asẹ́ ògì wọn ni. Ariwo tí wọ́n pa lórí rẹ̀ ju ti adìẹ mẹ́fà lọ, àfìgbà tí mo ra tuntun fún wọn lọ́jà.