Bí a ṣe ń ya àwòrán inú yàrá tó pa rọ́rọ́

Ohun tó ń ba irú àwòrán yìí jẹ́ kì í ṣe àga, kì í ṣe fèrèsé, kì í sì í ṣe ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ògiri ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ya àga dáadáa débi pé èèyàn á fẹ́ jókòó sórí ẹ̀, tí wọ́n á wá fi ọ̀dà funfun gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo iṣẹ́ náà á sì kú.

Mú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wọlé, kí o sì pa iná mànàmáná. Ìmọ́lẹ̀ méjì nínú yàrá kan, ariwo ni. Lẹ́yìn náà, kó ẹrù jáde títí wàá fi rò pé ibẹ̀ ti ṣófo jù, kí o tún mú ẹyọ kan kúrò. Vermeer, ayàwòrán ọmọ Netherlands láyé àtijọ́, pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Rijksmuseum, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní Amsterdam, yẹ abẹ́ ọ̀dà àwòrán rẹ̀ ti obìnrin tó ń da mílíìkì wò, wọ́n rí i pé ó ti kọ́kọ́ ya ibi tí wọ́n ń fi jọ́ọ̀gì kọ́ àti apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́yìn obìnrin náà, kó tó fi ọ̀dà pa wọ́n rẹ́. Ìṣó kan àti àwọn ihò kéékèèké ló fi sílẹ̀ lára ògiri náà.

Àárọ̀ ni mo máa ń ṣiṣẹ́, wákàtí kan náà lójoojúmọ́, torí òjìji kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti síbi tí ilẹ̀kùn wà. Ìyẹn ò le. Kí férémù ilẹ̀kùn ṣáà dúró ṣánṣán. Okùn tí o so òkúta mọ́ tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá kan ògiri.

Ògiri funfun kì í funfun. Gbé bébà funfun sójú ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí o fi wé igun tó jìnnà jù: wàá rí i pé àwọ̀ eérú ni igun yẹn ní, ó lè fà sí búlúù, ó sì lè fà sí ìyeyè. Dá ihò tó tó èékánná sáàárín páálí, di ojú kan, kí o máa fi ihò náà wo ògiri láti ẹ̀bá fèrèsé dé igun. Láìsí páálí yìí, ohun tí o ti mọ̀ nípa ògiri ni wàá yà, kì í ṣe ohun tí ò ń rí.

Mo bẹ̀ ọ́, má po dúdú mọ́ funfun. Àwọ̀ eérú tó ń jáde níbẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Ultramarine, ìyẹn ọ̀dà búlúù tó jinlẹ̀, àti burnt umber, ìyẹn ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú, ni kí o pò pọ̀. Tí ultramarine bá pọ̀ jù, àwọ̀ náà á tutù. Tí umber bá pọ̀ jù, á móoru. Èyí ni kí o máa fi sínú funfun díẹ̀díẹ̀. Má da funfun sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá lo odindi túùbù tán. Ọ̀bẹ ìpo-ọ̀dà dára, ṣùgbọ́n káàdì báńkì tó ti kú ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Po oríṣi márùn-ún sílẹ̀ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan kánfáàsì. Kí wọ́n sún mọ́ra débi pé, tí o bá dijú díẹ̀ wò wọ́n, ààlà àárín wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹni tó ń lo acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, kó kọ́kọ́ dán an wò lórí bébà, torí ó máa ń ṣú sí i tó bá gbẹ.

Má gbá ọ̀dà náà gbuurugbu. Fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kan máa wọnú èkejì nígbà tí wọ́n ṣì tutù. Vilhelm Hammershøi, ayàwòrán ọmọ Dẹ́ńmáàkì, gbé ní Strandgade 30 ní Copenhagen láti 1898 sí 1909, yàrá ilé yẹn ló sì ń yà léraléra. Sún mọ́ ògiri inú àwòrán rẹ̀, ojú búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké ni wàá rí. Àwòrán rẹ̀ ti 1900, tí eruku ń fò nínú ìtànṣán oòrùn, kò ní àga kankan.

Má fa ìlà sí igun ògiri. Fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ra á kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí o fi í sílẹ̀. Funfun ògidì, ibì kan ṣoṣo ni kí o fi sí.

Èèyàn ló kẹ́yìn, tó bá pọn dandan. Jẹ́ kó kẹ̀yìn sí wa, bí Hammershøi ti máa ń ya Ida ìyàwó rẹ̀, torí tí ojú bá ti hàn, òun nìkan ni gbogbo ènìyàn máa wò. Lẹ́yìn náà, kọ ojú àwòrán náà sí ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ pé ẹrù lo kọ́kọ́ rí nígbà tí o yí i padà, po àwọ̀ ògiri tó ṣú jù nínú márààrún, kí o fi bo ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà títí tí á fi rì sẹ́yìn.