Níbo ni omi aṣọ tó gbẹ gbà lọ? Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìyípo omi

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó máa ń dí olùkọ́ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ yìí: "gbẹ". Aṣọ gbẹ, ilẹ̀ gbẹ, odò gbẹ. Tí ọmọdé bá ti ní omi gbẹ, lójú tirẹ̀, omi ti tán nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó ya òkun àti àwọsánmà sí pátákó, ẹ kọ́kọ́ bá wọn yanjú "gbẹ" yìí.

Pírámárì kẹrin ni mò ń kọ́ ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí oòrùn sì wá yọ, màá kó wọn jáde síbi tí omi ti dá ọ̀gọ̀dọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì iwájú kíláàsì. A ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí etí omi náà ká. Tó bá di wákàtí kan sígbà náà, a ó tún jáde lọ fa òmíràn. Kí á tó ṣíwọ́, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún á ti wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, bí ìgbà tí èèyàn la àlùbọ́sà sí méjì. Màá wá bi wọ́n pé ta ló gbé omi. Wọn á ní oòrùn ló mu ún. Ẹ má bá wọn jà sí i. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé tó bá mu ún tán, ibo ló ń tọ̀ ọ́ sí? Ẹ̀rín á pa wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n á gbé ìbéèrè yẹn délé. Ẹ tún rán wọn létí pé ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn ò hó. Kò dìgbà tí omi bá hó lórí iná kó tó gòkè.

Èyí tó kàn ló le jù, torí ohun tí ojú ò rí la fẹ́ fi hàn wọ́n: omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ẹ wá sóbò inú ìgò tó ti tutù nini. Ẹ nu ara ìgò náà gbẹ, ẹ gbé e sórí tábìlì. Kò ní pẹ́ tí á fi máa làágùn. Níbo ni òógùn yẹn ti wá? Mi ò tíì pàdé kíláàsì tí ẹnì kan ò ti ní sọ pé ìgò ń jò. Ìdí tí mo fi ń lo sóbò nìyẹn. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nu òógùn náà, ẹ gbé e káàkiri kí gbogbo wọn rí i. Ká ní inú ìgò ló ti jò ni, áńkáṣíìfù ì bá pọ́n. Inú afẹ́fẹ́ ni omi ọ̀hún wà tẹ́lẹ̀, ara ìgò tó tutù ló sọ ọ́ di ẹ̀kán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lókè: ooru omi gòkè, ó bá òtútù pàdé, ó rọ̀ mọ́ eruku wẹ́wẹ́, ó di àwọsánmà. Tí àwọn ẹ̀kán yẹn bá para pọ̀ títí tí wọ́n wúwo, òjò dé.

Ọmọ kan tí ilé wọn wà ní Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, gbá mi mú lọ́dún kan. Ó ní, "Àǹtí, àmù ìyá àgbà mi náà ń làágùn, ṣé afẹ́fẹ́ ni?" Rárá o. Ti àmù yàtọ̀. Amọ̀ ní ihò tín-ín-tín, inú ni omi yẹn ti ń jáde lóòótọ́. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e lọ, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀, òun ló jẹ́ kí omi àmù máa tutù láìsí iná mànàmáná. Ìgò ń gba omi lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, àmù ń fún un. Látìgbà náà, mo máa ń gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ má dán ti ìgò wò nígbà ọyẹ́ o! Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe é. A jókòó ti ìgò fún ogún ìṣẹ́jú, kò làágùn rárá. Ọmọ kan ní bóyá inú ń bí i ni. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan, òun náà ló ń la ètè wa. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ní tirẹ̀, láti orí òkun ló ti ń bọ̀. Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ló dáa jù.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ bu omi sínú abọ́ ńlá, ẹ po iyọ̀ ṣíbí méjì mọ́ ọn. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù òfìfo tó mọ́ sáàárín, kí ẹnu rẹ̀ ga ju omi lọ ṣùgbọ́n kó má dé ẹnu abọ́. Ẹ fi ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ bò ó, ẹ fi rọ́bà dè é pinpin, kí ẹ gbé òkúta kékeré kan lé ọ̀rá lórí ní ọ̀gangan kọ́ọ̀pù. Ẹ gbé e sóòrùn láti àárọ̀. Omi tí ẹ máa bá nínú kọ́ọ̀pù lè má ju ṣíbí kan lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Kò níyọ̀. Wọ́n á mọ ìdí tí òkun fi níyọ̀ tí òjò ò sì níyọ̀.

Ibi tí òjò ń lọ tó bá rọ̀ tán ò gba àkókò púpọ̀. Ẹ da omi kọ́ọ̀pù kan sórí iyanrìn, ẹ da òmíràn sórí sìmẹ́ǹtì. Ti iyanrìn wọlẹ̀ lọ bá kànga. Ti sìmẹ́ǹtì wọ́ gba gọ́tà, ó bọ́ sínú odò Asa, Asa gbé e lọ fún odò Ọya, Ọya gbé e dé òkun.

Ìgbà yẹn ni mo tó ń ní kí wọ́n ya àwòrán, kí ọfà àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù wọ́n. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti orí okùn tí ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ sí. Mo fún un ní máàkì tó pé.