Bí a ṣe fi amọ̀ mọ ọpọlọ nílé wa ní Ifẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní tíṣà báyọ́lójì ní kí kálukú mọ ọpọlọ ènìyàn wá lọ́jọ́rú. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ìdí ààrò: "Ọ̀pọ̀lọ́ kẹ̀? Ṣé ìyẹn náà ló kù tí wọ́n ń kọ́ yín?"

Mo ra amọ̀ lọ́wọ́ ìyá amọ̀kòkò kan, a wọn kílò 1.4 lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja tútù, torí bí ọpọlọ àgbàlagbà ṣe ń wọ̀n nìyẹn. Tiwa kéré sí ojúlówó, torí amọ̀ wúwo ju ọpọlọ lọ. Ọpọlọ gan-an rọ̀ bíi wàrà. Kò ju ìdá 2 nínú 100 ara wa lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò.

A yí amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìfun, a ká a lé ara wọn. Ìkákò yẹn ló jẹ́ kí èèpo ọpọlọ tó fẹ̀ gba inú agbárí, bí aṣọ tí a rún mọ́ inú àpótí.

Frontal, parietal, temporal, occipital, orúkọ apá mẹ́rin tí èèpo ọpọlọ pín sí: ọmọ náà ti há wọn sórí, kò yé e. Mo ní kó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Iwájú orí, àtàrí, ẹ̀bátí, ìpàkọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nìyẹn. A fi osùn kun iwájú, níbi tí a ti ń gbèrò, tí a ti ń kó ara wa níjàánu. Abẹ́ àtàrí ló ń mọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí pé ó ń gúnni. Ẹ̀bátí ló ń túmọ̀ ohùn, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀. A fi ẹfun kun ìpàkọ́, mo ní òun ló ń ríran. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀: "Ojú wá ńkọ́, Àǹtí?" Mo ní ojú ń gbà á wọlé ni, bí ìpàkọ́ bá fara pa gan-an, ènìyàn lè má ríran mọ́, kí ojú sì wà láìlábùkù. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, àṣé ìpàkọ́ tiwa la fi ń rí i.

Cerebellum wọ abẹ́ ìpàkọ́, òun ló ń jẹ́ ká dúró láìta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó ń bójú tó èémí àti lílù ọkàn ò gbà wá lákòókò.

Mo sá a sóòrùn. Kó tó di ọ̀sán ó ti sán lápá òsì, láàárín iwájú orí àti ẹ̀bátí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni Paul Broca, dókítà ará Faransé, rí i pé ó bàjẹ́ ní 1861, nílùú Paris, nínú ọpọlọ ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju "tan" lọ, tó sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìyá amọ̀kòkò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò gbẹ́ inú rẹ̀, ẹ tún sá a sóòrùn!" Òótọ́ ni, àwọn orí amọ̀ tó wà ní mùsíọ́mù Ẹnuwá náà ṣófo nínú. A mọ òmíràn, a gbẹ́ inú rẹ̀, a gbé e síbòji.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọmọ náà ká òṣùká, ó gbé ọpọlọ rẹ̀ karí, ó sì ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ títí dé títì.